Ọmọ ilé kejì kì í jẹ́ kí n sùn lọ́sàn-án: báwo ni mo ṣe lè sọ ọ́ láìdá ìjà sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ òru ni mo sì ń ṣe. Bí aago 8 àárọ̀ ni mo máa ń wọlé, àárín aago 9 sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni mo sì lè fi sùn. Ọmọkùnrin kan wà ní ilé kejì, kò lè ju ọmọ ọdún 8 lọ. Láti ìgbà tí iléèwé ti gba ìsinmi ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ọgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá mi, tí á sì máa ké bí ẹni tó jẹ góòlù ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Bọ́ọ̀lù náà máa ń já sí ẹ̀yìnkùlé mi, ó ti ṣẹ́ òdòdó mi mélòó kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣí fèrèsé, mo jágbe mọ́ ọn. Ẹkún ló fi wọlé. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ kò ti fi ojú rere kí mi mọ́. Bọ́ọ̀lù méjì ṣì wà lọ́dọ̀ mi tí n kò dá padà. Ṣé kí n lọ bá ìyá rẹ̀ ni, àbí kí n bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ fúnra mi, àbí kí n fẹjọ́ sun onílé? Mi ò fẹ́ ìjà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sùn.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́ òru o, ẹ sì kú àìrójú oorun. Iṣẹ́ ìlàjà láàárín àwọn aládùúgbò ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ ariwo ọmọdé sì wà lára èyí tí wọ́n máa ń gbé wá bá mi jù. Gbólóhùn tí ẹ fi parí ìwé yín tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Ẹ lè sùn láìsí ìjà, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ máa bèèrè.

Orí bọ́ọ̀lù méjì yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dá wọn padà lónìí, kí ẹ tó dárúkọ oorun rárá. Níwọ̀n ìgbà tí ohun ìṣeré ọmọ bá ṣì há sọ́dọ̀ yín, ojú ẹni tó ń bá ọmọ òun ṣọ̀tá ni ìyá rẹ̀ á máa fi wò yín, kò sì sí ẹ̀bẹ̀, bó ti wù kó dùn tó, tó máa wọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ létí. Ẹ má sọ wọ́n kọjá lórí ọgbà. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn, kí ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, bọ́ọ̀lù ọmọ wa rèé. Mo jágbe mọ́ ọn lọ́jọ́sí, kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.” Kí ẹ dákẹ́ síbẹ̀, kí ẹ padà sílé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oorun á ti dé yín lẹ́nu, ẹ gbé e mì. Bí ẹ bá fi ẹjọ́ lé ẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹjọ́ yẹn nìkan ló máa rántí, á sì ní torí ẹ̀ lẹ ṣe wá bẹ̀bẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ padà lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ nìyí: àkókò ni kí ẹ bèèrè, ẹ má bèèrè pé kí ọmọ dákẹ́.

Ọmọ ọdún 8 tó ń ṣeré kò lè dákẹ́, kò sì yẹ kó dákẹ́. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020, wọ́n ní ó kéré tán, ó yẹ kí ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 17 máa fi nǹkan bí 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́ ṣe eré tó ń mú èémí yára. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti 1989, náà kọ eré ṣíṣe mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ, ní abala 31. Nítorí náà, bí ẹ bá ní kó dákẹ́, ohun tí ìyá rẹ̀ kò lè fún yín lẹ ń bèèrè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, “kó dákẹ́ díẹ̀” kò ní ìwọ̀n. Ìyá á rò pé òun ti ṣe é, ẹ̀yin á rò pé kò ṣe nǹkan kan, ẹ̀yin méjèèjì á sì máa bínú lórí òdodo. Ṣùgbọ́n aago 1 kì í ṣe ohun àríyànjiyàn.

Ìdí kejì tún wà, òun ló sì kàn yín jù. Kì í ṣe bí ariwo ṣe ròkè tó nìkan ló ń tán ènìyàn lókun. Ohun tó ń ṣe é jù ni pé kò mọ ìgbà tó máa dé, kò sì lágbára lórí rẹ̀. Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, David Glass àti Jerome Singer, ṣe ìwádìí lórí èyí, wọ́n sì gbé e jáde ní 1972. Wọ́n da ariwo tí kò ní àsìkò bo àwọn ènìyàn. Wọ́n fún àwọn kan lára wọn ní bọ́tìnì tí wọ́n lè tẹ̀ kí ariwo náà dúró, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀ wọ́n pé bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn kò tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, iye ariwo kan náà ni gbogbo wọn sì gbọ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún wọn lẹ́yìn náà, àwọn tó ní bọ́tìnì ṣe dáadáa ju àwọn tí kò ní lọ, iṣẹ́ náà kò sì tètè sú wọn. Ẹ̀yin náà, ó dá mi lójú pé nígbà míì ẹ ti jí sílẹ̀ tí ọmọ náà kò tíì jáde, tí ẹ kàn ń retí pé ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé kò sí bọ́ọ̀lù títí di aago báyìí, ara yín á sinmi.

Àkókò wo wá ni? Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7 ó kéré tán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bèèrè gbogbo wákàtí 7 lọ́wọ́ ọmọ tó wà nínú ìsinmi, gbogbo ọ̀sán rẹ̀ lẹ gbà yẹn. Bí wọ́n tiẹ̀ gbà, kò ní pẹ́ tó fi máa bàjẹ́. Apá ìbẹ̀rẹ̀ oorun ni oorun tó jinlẹ̀ máa ń pọ̀ sí jù, ibẹ̀ sì ni kí ẹ dáàbò bò. Ẹ bèèrè aago 9 sí aago 1 pé kó má gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìnkùlé rárá. Láti aago 1 lọ, kó máa gbá a, àmọ́ kó kúrò lára ògiri yín. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí:

“Ẹ kú ilé mà. Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Òru ni mò ń lọ síbi iṣẹ́, àárọ̀ ni mo ń sùn. Ṣé ẹ lè bá mi sọ fún ọmọ wa kó fi bọ́ọ̀lù ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ láti aago 9 sí aago 1? Lẹ́yìn ìyẹn kó máa gbá a lọ, kó ṣáà kọjú sí ọ̀hún. Ṣé ó máa ni yín lára?”

Ẹ bèèrè ìbéèrè ìkẹyìn yẹn tọkàntọkàn, kí ẹ sì tẹ́tí sí èsì rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àárọ̀ yẹn gan-an ni òun náà ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nínú ilé, tó ṣe lé ọmọ síta. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ọwọ́ kan ń sùn lọ́sàn-án, tó fi jẹ́ pé àárọ̀ nìkan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè pariwo. Ẹ lè wá fohùn ṣọ̀kan sórí aago 10 sí aago 1. Ẹ gbà á. Mo fẹ́ràn wákàtí 3 tó dúró ju 7 tó wà lẹ́nu lásán.

Ẹ ṣe é lójúkojú, kó má jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́, nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ kò ní ohùn, ohùn tó bá sì wu ẹni tó ń kà á ló máa fi kà á. Ẹ má lọ nígbà tí bọ́ọ̀lù ń dún lọ́wọ́, torí ojú yín á ti kọ́rẹ́ kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ má sì jẹ́ kí “ẹ ò kọ́ ọmọ yín” tàbí “ọmọ tèmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí” jáde lẹ́nu yín. Èmi ti rí ilé méjì tí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ ariwo tán, tí wọn kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí irú gbólóhùn kan bẹ́ẹ̀.

Ní ti ògiri yẹn, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó lọ. Bí ọgbà náà bá so mọ́ ara ilé yín, ìró bọ́ọ̀lù kì í gba afẹ́fẹ́ nìkan wá. Bọ́ọ̀lù á mi ògiri, ògiri á sì gbé e wọ yàrá, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ “gbì, gbì” nínú ìrọ̀rí bí ẹ tilẹ̀ ti fèrèsé. Ó tó kí ọmọ náà gbé góòlù rẹ̀ lọ sí òdìkejì. Ní gbangba, bí ìjìnnà yín síbi tí ariwo ti ń wá bá di ìlọ́po méjì, ariwo náà á fi nǹkan bíi désíbẹ́lì 6 wálẹ̀ (désíbẹ́lì ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ariwo ṣe ròkè tó). Láti mítà 3 sí mítà 12, ó ti fi 12 wálẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ désíbẹ́lì 10 péré tó bá dínkù, etí wa á gbọ́ ọ bí ẹni pé ariwo náà ti dá sí méjì. Bọ́ọ̀lù fóòmù náà máa ń dín gbígbì rẹ̀ kù gan-an. Bí agbára yín bá gbé e, ẹ ra ọ̀kan fún un, ṣùgbọ́n ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ẹ tó fún un.

Ẹ bèèrè bóyá ẹ lè bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ bá gbà, kó sì jẹ́ níwájú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ba kí ojú yín lè dọ́gba. Ẹ má sọ pé “má pariwo”, torí apá iwájú ọpọlọ tí a fi ń kó ara wa níjàánu kì í gbó tán títí ènìyàn fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25, ọmọ ọdún 8 á sì ti gbàgbé kí bọ́ọ̀lù tó balẹ̀. Ẹ fún un ní ohun tó lè fojú rí. Ẹ ní: “Tí o bá rí aṣọ aláwọ̀ ewé yìí lójú fèrèsé mi, mò ń sùn: kò sí bọ́ọ̀lù títí di aago 1, lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀hún ni kí o ti máa gbá a. Tí mo bá ti yọ ọ́, máa ṣeré ẹ lọ.” Inú ọmọdé máa ń dùn sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, á tún máa bá yín ṣọ́ aṣọ náà. Ẹ ṣàlàyé ti bọ́ọ̀lù tó bá já sọ́dọ̀ yín pẹ̀lú: kó má fo ọgbà, kó má kan ilẹ̀kùn kí aago 4 tó lù, ẹ máa kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kan lẹ́nu géètì, kó wá mú un nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá pa àdéhùn mọ́, ẹ pè é, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ní tiyín láti ṣe. Kọ́tìnì tó nípọn dára fún oorun ọ̀sán nítorí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ dí ariwo lọ́nà. Fáànù tó ń dún ní ìdúró kan máa ń bo ariwo òjijì mọ́lẹ̀. Fóòmù kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí, bí ẹ bá kì í wọlé dáadáa, lè gba nǹkan bíi désíbẹ́lì 20 sí 30 kúrò. Igbe ló ń dá dúró jù, gbígbì ògiri á ṣì máa wọlé díẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ góòlù.

Bí wọ́n bá gbà tí kò sì dúró ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ kà á sí ìgbàgbé. Ẹ padà lọ pẹ̀lú ohùn kan náà, kí ẹ rán an létí àkókò tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Bí kò bá tún dúró, ẹ wá ẹnì kan tí ẹ̀yin méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún. Onílé ló kù lẹ́yìn ìyẹn, bó bá jẹ́ òun ló ni ilé méjèèjì, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyá ọmọ gbọ́ ọ lẹ́nu yín kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu onílé. Òfin ni kó gbẹ̀yìn pátápátá, ó sì yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì. Ní Jámánì, bí àpẹẹrẹ, láti 2011 ni òfin ti sọ pé ariwo ọmọdé ní ilé ìtọ́jú ọmọ àti pápá ìṣeré kì í ṣe ohun tí a ń kà sí ìpalára fún àyíká lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ má retí pé adájọ́ á bá yín pa ọmọ lẹ́nu mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fóònù ya fídíò ọmọ náà, ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ẹgbẹ́ WhatsApp àdúgbò. Ọmọ ọdún 8 ni. Kò yẹ kí gbogbo àdúgbò máa fi ojú oníwàhálà wò ó nítorí bọ́ọ̀lù. Ìgbà kan ṣoṣo tí ẹ ò gbọ́dọ̀ dákẹ́ ni bí igbe tí ẹ ń gbọ́ bá jẹ́ ti ọmọ tó ń jìyà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ariwo mọ́, àwọn aláṣẹ tó ń dáàbò bo ọmọdé ló yẹ kí ẹ kàn sí.

Ní ti òdòdó, ẹ má mẹ́nu bà á lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ bẹ̀bẹ̀ fún oorun. Ẹjọ́ kan tó. Bí góòlù bá ti kọjú sí ọ̀hún, bọ́ọ̀lù tó máa já sí i á dínkù fúnra rẹ̀, èyí tó bá sì ṣì ń já, ẹ lè wá sọ ọ́ lọ́tọ̀.

Nígbà tí iléèwé bá sì wọlé, ẹ padà lọ bá ìyá rẹ̀ kí ẹ tún àdéhùn náà ṣe. Ọmọ náà kò ní sí nílé láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ mọ́, nítorí náà ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé nìkan ni ẹ máa nílò rẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tí ẹ ò bá lọ síbi iṣẹ́, ẹ má gbé aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn kọ́.