Ẹ má tíì fi ilé tí ẹ ń gbé tọrẹ, Ìyá Aláṣọ

Lẹ́tà yìí ti Ìbàdàn wá:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 67 ni mí, Gbági ni mo ti ń ta aṣọ. Ọkọ mi ti di olóògbé. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ la ṣe, ó sì fẹ́ ìyàwó mìíràn lé mi. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Àkọ́bí mi, ọkùnrin, wà ní Manchester. Èkejì, obìnrin, wà nílé ọkọ l'Ábẹ́òkúta. Ẹ̀kẹta, obìnrin, ti kúrò nílé ọkọ, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, òun ló sì ń tọ́jú mi látìgbà tí orúnkún ti ń dà mí láàmú. Àbíkẹ́yìn, ọkùnrin, ń ta tẹ́tẹ́, gbèsè sì ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo ní ilé tí à ń gbé l'Ákọ́bọ̀, ilé oníyàrá mẹ́wàá tí mo fi háyà ní Mọ́kọ́lá, àti pulọ́ọ̀tì kan ní Mọ́níyà. Mo fẹ́ yí ìwé ilé Akọ́bọ̀ sí orúkọ ẹ̀kẹta nísinsìnyí, kí ọ̀rọ̀ náà parí lójú mi. Àkọ́bí gbọ́, ó fárígá: ó ní òun lòun fi owó páànù àti sílíìnì ránṣẹ́, òun sì ni Dáwódù. Àbúrò ọkọ mi gbè é lẹ́yìn, ó ní obìnrin kì í jogún ilé. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé, pásítọ̀ mi àti ọmọ tí mo fẹ́ fún nílé ló fọwọ́ sí i. Àbíkẹ́yìn ní tirẹ̀, mo fẹ́ yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ṣé ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí dára?”

Ìyá mi, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ọlọ́run á fọwọ́ ìwòsàn kan orúnkún yẹn. Inú mi dùn pé ara yín ṣì le lẹ fi kọ̀wé, torí ọ̀pọ̀ ìyá ló gbà pé ẹni tó bá ti dárúkọ ogún, ikú ló ń pè. Òkú ò mọ iye a ràgọ̀. Ohun tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fi òógùn ojú yín ṣe, àsìkò tí ẹnu yín ṣì ń sọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ sọ ọ́.

Ilé Akọ́bọ̀ tó wù yín láti fún ọmọ tó ń tọ́jú yín, ẹ fún un. Ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fún un lónìí. Inú wíìlì, ìyẹn ìwé ìhágún, ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kó di tirẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ kò bá sí mọ́. Ìwé tí ẹ ti kọ yẹn ńkọ́? Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e rárá, torí bó ṣe wà yẹn, ọmọ tí ẹ fẹ́ ṣe lóore gan-an ló máa pa lára.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Òfin ìhágún tí à ń lò nílẹ̀ Yorùbá níhìn-ín sọ pé ẹni tó ni ìwé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì wà níkàlẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n máa wò ó bó ṣe ń fọwọ́ sí i, kí àwọn náà tó wá fọwọ́ sí tiwọn lójú rẹ̀. Ẹ kò sọ fún mi bóyá pásítọ̀ àti ọmọ yín jọ jókòó, àbí ṣe ni pásítọ̀ fọwọ́ sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọmọ wá fọwọ́ sí tirẹ̀ nígbà tí ẹ délé. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ká tiẹ̀ ní wọ́n jọ wà níbẹ̀, èyí tó burú jù ṣì kù: ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí sí ìwé ìhágún kò lè gba ohun tí wọ́n fún un nínú ìwé ọ̀hún. Ọkọ tàbí ìyàwó ẹlẹ́rìí pàápàá kò lè gbà á. Ibi tí ọmọ yín ti mú bírò, tó rò pé òun ń ran ìyá òun lọ́wọ́, ibẹ̀ ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ilé Akọ́bọ̀. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, torí mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ẹ̀yin méjèèjì fi ṣe é.

Ẹ lọ bá lọ́yà kó kọ òmíràn. Ẹ wá ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní gba ohunkóhun níbẹ̀, tí kì í sì í ṣe ọkọ tàbí aya ọmọ yín kankan: aládùúgbò, ẹlẹgbẹ́ yín lọ́jà. Ó dára kí wọ́n kéré sí yín lọ́jọ́ orí, torí ilé ẹjọ́ lè pè wọ́n lọ́jọ́ iwájú. Ẹ yan èèyàn méjì tí yóò mú ìwé náà ṣẹ. Ẹ má fi í sọ́wọ́ àkọ́bí nìkan, ẹ má sì fi í sọ́wọ́ ẹ̀kẹta nìkan. Ẹ fi ojúlówó rẹ̀ pamọ́ sí ọ́fíìsì pùróbéètì, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwé ìhágún, ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, wọ́n máa ń gbà á láti tọ́jú. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ibi tó yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀, àgàgà nínú ilé tí ẹni tó ní gbèsè lọ́rùn ti ń wọlé jáde.

Ní ti àbúrò ọkọ yín, ẹ bá mi kí wọn, ṣùgbọ́n wọn ò sọ òótọ́. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọbìnrin ń jogún bí ọmọkùnrin ṣe ń jogún. Láti ọdún 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé l'Ékòó, ni ilé ẹjọ́ ti gbà pé obìnrin tiẹ̀ lè di olórí ẹbí. Ìdí-igi, ìyẹn kí wọ́n fi iye ìyàwó pín ogún, àti orí-ò-jorí, ìyẹn kí wọ́n fi iye ọmọ pín in, tí àwọn àgbà máa ń fà yọ, ọ̀rọ̀ bàbá tó láya púpọ̀ ni. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé tó dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún wa nígbà náà, ní 1962, ogún bàbá tó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó mẹ́rin ni wọ́n jà lé. Tiyín kò jọ ọ́. Inú kan ṣoṣo ni ọmọ yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jáde. Bí ẹ bá papò dà láìkọ nǹkan kan sílẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò jọ ni gbogbo rẹ̀, ilé yóò di ilé ẹbí, Dáwódù yóò kàn máa bójú tó o fún gbogbo wọn ni. Kò lè dá a tà, kò sì lè lé àbúrò rẹ̀ síta.

Ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ yín rán mi létí nǹkan kan ṣá o. Rísíìtì ilẹ̀ Akọ́bọ̀ àti ti Mọ́kọ́lá, orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Ẹ lọ yọ wọ́n wò lónìí. Ọ̀pọ̀ obìnrin ìgbà yín ló fi owó ara wọn ra ilẹ̀, tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ sí i nítorí ọ̀wọ̀, tàbí nítorí pé ọkọ ló bá wọn lọ sọ́dọ̀ onílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé “Ọ̀gbẹ́ni” ló wà lórí rísíìtì, àwọn ọmọ orogún yín lè dìde lọ́la pé ogún bàbá àwọn ni, ìdí-igi yóò sì wá di ọ̀rọ̀ yín lóòótọ́. Ẹ sọ fún lọ́yà kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn. Bí ẹnì kan bá ṣì wà láàyè tó mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ sanwó, kó wá búra sí i nísinsìnyí.

Wàyí o, kí ló dé tí mo fi ní kí ẹ má yí ìwé ilé padà báyìí? Ìwé ìhágún, bí ọkàn yín bá yí lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ lè ya á kí ẹ kọ òmíràn. Ilé tí ẹ bá ti fi tọrẹ, ó ti lọ nìyẹn. Mo gbà pé ọmọ yìí dára. Ṣùgbọ́n ó lè fẹ́ ọkọ mìíràn, ọkọ náà lè fẹ́ kí wọ́n fi ilé yá owó ní báńkì. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ó sì lè ṣáájú yín lọ, kí ẹ wá di àlejò nínú yàrá tí ẹ fi owó àǹkárá kọ́. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Àmọ́ kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí òkété kúrò nínú ihò rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, Òfin Ilẹ̀ 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, owó tí ẹ ó ná lé e lórí ò sì kéré.

Ọmọ yín ní Manchester kì í ṣe ọ̀tá yín. Owó tí ọmọ fi ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ kò sọ ilé ìyá di ti ọmọ, àyàfi bí ẹ bá jọ ṣe àdéhùn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru nínú òtútù, tó ń tu owó páànù jọ díẹ̀díẹ̀, tí ẹlòmíràn wá ń sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ ti gba ilé, ó yẹ kó dùn ún. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kì í ṣe ilé ló ń wá, kí ẹnì kan rántí pé òun náà gbìyànjú ló ń wá. Ẹ pè é, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú àwọn àbúrò rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ló fi páànù bo ilé náà. Bí agbára yín bá gbé e, ẹ fi ìpín tirẹ̀ ní Mọ́kọ́lá lé díẹ̀ sí ti àwọn yòókù.

Àbíkẹ́yìn wá ńkọ́? Ẹ̀tọ́ yín ni láti yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ọmọ tí ìyá bá yọ sílẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò máa bá jà, gbogbo ìyókù ayé wọn. Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ fún un ní ohun tó lè tà kó tó di ọ̀sán. Mo rò pé òun ló ń dọdẹ pulọ́ọ̀tì Mọ́níyà, torí látìgbà tí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ní 2021, tí ibùdókọ̀ ojú irin sì wà ní Mọ́níyà, ojú àwọn èèyàn ti wà lára ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí owó háyà Mọ́kọ́lá máa jẹ́ tiwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí àwọn tó ń mú ìwé ṣẹ máa fún un ní tirẹ̀ lóṣooṣù. Kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí mẹ́ta nínú wọn bá fẹ́ ta ilé náà lọ́jọ́ kan, kí wọ́n tà á, kí wọ́n pín owó. Èmi ò fara mọ́ kí ilé wà láìpín títí lọ. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ ni ìjà rẹ̀ ti máa ń le, nígbà tí èèyàn ogún bá ń dúró de owó yàrá mẹ́wàá.

Ilẹ̀ Mọ́níyà pàápàá, ìwé wo lẹ ní lórí rẹ̀? Bó bá jẹ́ rísíìtì nìkan ni, ẹ yára lọ bá àwọn ẹbí tó tà á fún yín. Ṣé mọ́gàjí fọwọ́ sí i, àbí ọ̀dọ́kùnrin kan nínú agboolé ló dá a tà? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àdéhùn tó dájú fún yín, kí ẹ wọn ilẹ̀ náà, kí ẹ gba ìwé sọ́fè. Ẹ kò lè fi ohun tí kò tíì dá yín lójú jogún fún ọmọ.

Owó báńkì náà ńkọ́? Orúkọ tí ẹ kọ sílẹ̀ ní báńkì pé òun ni next of kin yín, kò túmọ̀ sí pé owó ti di tirẹ̀. Ẹni tí wọn yóò kàn sí ni. Ẹ dárúkọ owó náà nínú ìwé ìhágún. Kí ẹ sì má gbàgbé àwọn aṣọ yín, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ aláṣọ! Mo mọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọn ò bára wọn jà lórí ilé, àmọ́ sányán kan àti iyùn ọrùn ìyá wọn ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí di òní. Ẹ sọ ẹni tó ni sányán. Ẹ sọ ẹni tó ni góòlù.

Ẹ̀yin ìyá Mùsùlùmí tí ẹ ń ka èyí, tiyín yàtọ̀: ìpín ọmọ ti wà nínú Kùránì, wàsíyà kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹ bi áfáà yín léèrè kí ẹ tó bá lọ́yà.

Lẹ́yìn tí lọ́yà bá ti yẹ àwọn ìwé wò, Ìyá Aláṣọ, ẹ pe ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, kí ti Manchester wọlé lórí fídíò WhatsApp. Ẹ má pe àbúrò ọkọ yín. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí: “Mo fẹ́ fi ilé Akọ́bọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń wọ́ mi lórúnkún. Ilé Mọ́kọ́lá jẹ́ ti ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò tíì kú, mi ò sì tíì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó sọ ọ́ sí mi lójú.” Bí wọ́n bá fẹ́ bínú, ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú níbẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì lè pẹ̀tù sí i. Bí ẹ bá rí orúkọ ọkọ yín lórí rísíìtì, ẹ tètè kọ̀wé sí mi padà.