Kí ẹ tó sanwó ọrun alápá-títú

Ọ̀gá wa tó wà ní Ọ̀fà ní kí a bá òun wo ọrun kan tí wọ́n fẹ́ tà fún òun. Ẹnìkan ló ní kí wọ́n fọwọ́ ṣe é fún òun tẹ́lẹ̀: igi àárín kan, apá méjì tó ṣeé tú kúrò lára rẹ̀, tí orí wọn tẹ̀ síwájú. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 60 íǹṣì, wọ́n sì kọ 45# @ 28" sára apá ìsàlẹ̀, ìyẹn ni pé agbára fífà rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 45 tí a bá fà á dé íǹṣì 28. Fọ́tò mẹ́fà ni wọ́n fi ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ń dán gbinrin. (Ọmọ Ọlálọmí Olófà-gangan ń béèrè ọ̀rọ̀ ọrun lọ́wọ́ ará Ìlọrin. Ayé ti yí.)

Fọ́tò ò lè sọ nǹkan kan fún yín. Fánísì lè máa kọ mọ̀nà kí ibi tí apá ti wọ igi àárín wọ́ bàtà-bàtà. Ọrun tí kò ṣeé tú kò ní oríkèé. Èyí ní méjì, ibẹ̀ sì ni àléébù rẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ lọ bá ọrun náà níbi tó wà. Ẹ mú rúlà dání, pépà kan, ẹ̀gbọ̀n òwú díẹ̀, àti okùn tí a fi ń gbé ọsán (okùn ọrun tí a ń fà) lé ọrun.

Ẹ kọ́kọ́ fi apá sí ibùjókòó rẹ̀ láì tíì fi bóòtù sí i. Ó yẹ kó jókòó bí ọmọrí tó bá ìkòkò mu. Tí ẹ bá fi ìka tì í sọ́tùn-ún sósì tó sì ń mì, ihò ti fẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá fi ọwọ́ di bóòtù títí kó fi le, ẹ má fi sípánà fún un pa. Ẹ ki pépà bọ abẹ́ apá ní ọ̀tún àti ní òsì: tó bá wọlé níhìn-ín tí kò wọlé lọ́hùn-ún, apá ò jókòó pẹrẹsẹ. Àwọn tó máa ń fún bóòtù pọ̀ kí àlàfo yẹn lè pa dé ni igi máa ń là mọ́ lọ́wọ́.

Ẹ fi okùn yẹn gbé ọsán lé e. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi ẹsẹ̀ há a kó tó tẹ̀ ẹ́, irú rẹ̀ ló ń yí apá. Láti ibi tó jin jù ní ìdìmú dé ọsán, nǹkan bíi 7½ sí 8 íǹṣì ló máa ń bá ọrun 60 mu, àfi tí ẹni tó ṣe é bá sọ iye mìíràn.

Ẹ wá gbé ọrun ti àga, kí ọsán kọjú sí yín, ẹ di ojú kan. Ó yẹ kí ọsán la apá òkè, igi àárín àti apá ìsàlẹ̀ sí méjì ọgbọọgba. Tó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ níbì kan, ẹ má tíì pariwo. Ẹ wò ó bóyá ojóbó ọsán ni kò bọ́ sí ojú ìlà rẹ̀ lórí apá. Tí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ tú ọsán, ẹ fi apá òkè sí ìsàlẹ̀, kí ẹ fi tìsàlẹ̀ sí òkè, tí ihò wọn bá bára mu. Wíwò lásán ni o, ẹ má fà á. Tí wíwọ́ náà bá bá apá lọ, apá ló yí, wọ́n sì lè tọ́ díẹ̀ nínú ìyẹn sọ́nà. Tó bá dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, igi àárín ni wọ́n gbẹ́ wọ́. Èmi ò ní gba irú rẹ̀ ní ọ̀fẹ́.

Ẹ dá apá padà sí àyè wọn. Ẹ wọn ọsán sí ìdí apá kọ̀ọ̀kan, níbi tó ti kúrò lára igi. Ẹni tó ń fi ìka kan sí òkè ọfà, méjì sí ìsàlẹ̀, tòkè gbọ́dọ̀ fi ⅛ sí ¼ íǹṣì ju tìsàlẹ̀ lọ. Ẹni tó ń fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ìsàlẹ̀, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ti 45 tí wọ́n kọ yẹn, orí 28 ló wà. Ẹni tó ń fa 26 kò ní rí ju nǹkan bíi 40 lọ, torí íǹṣì kọ̀ọ̀kan máa ń gba pọ́n-ùn méjì sí mẹ́ta. Ẹ fi òṣùwọ̀n fà á, kí ẹ máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ láti 24. Tó bá ń fi pọ́n-ùn méjì àtààbọ̀ lé ní íǹṣì kọ̀ọ̀kan, tó wá fo márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà ní ìparí, ọrun yẹn kúrú fún gígùn apá yín.

Ẹ fi òwú ra etí apá méjèèjì. Ibi tó bá ti há, fáíbà ti ń ṣẹ́ níbẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ inú fánísì kò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n èyí tó bá kọ́ èékánná lójú gọ́ọ̀mù, ẹ má ra ọrun náà. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó máa ń fi ọrun náà sínú mọ́tò: oòrùn oṣù kẹta ní Ìlọrin lè mú kí gọ́ọ̀mù rọ̀. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá wọ́n ti fà á rí tí wọ́n sì jọ̀wọ́ ọsán rẹ̀ láì sí ọfà lórí rẹ̀.

Tí wọn ò bá fi nǹkan ki orí apá nípọn, ọsán Dacron (irú tó máa ń nà díẹ̀) ni kí ẹ lò, kì í ṣe Fast Flight (irú tí kì í fi bẹ́ẹ̀ nà).

Tí apá kan bá kán lọ́la, méjèèjì ni wọ́n sábà máa ń ṣe pọ̀. Ẹ wádìí iye tí ẹni tó ṣe é ń gbà fún apá méjì, bó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tó dá owó lé e.