Ẹ wọn bọ́ọ̀sì yín kẹ́ ẹ tó ra bátìrì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Perth ni èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ wa méjì ń gbé. A ra bọ́ọ̀sì Toyota Coaster àlòkù kan, a yọ ọ̀pọ̀ nínú àga rẹ̀, a sì ti to bẹ́ẹ̀dì àti kíṣínì sínú rẹ̀. Lóṣù tó ń bọ̀, a fẹ́ gba Nullarbor, ilẹ̀ gbígbẹ tó tẹ́jú lọ bẹẹrẹ, lọ sí Adelaide, ká máa sùn lójú ọ̀nà níbi tí kò sí iná. Ẹnì kan ní ká ra bátìrì ńlá mẹ́ta àti táńkì omi 300 lítà. Ṣé ó tó, àbí ká fi kún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, àbúrò mi. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó náwó. Iṣẹ́ rẹwáyà ni mo ń ṣe, irú bọ́ọ̀sì yín yìí gan-an ni mo sì ń fi iná sí. Bátìrì wà lára ohun tí mo ń tà, síbẹ̀ mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ra ìkankan. Ẹ kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀sì náà lọ sórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù.

Àwo irin kékeré kan wà lára ọkọ̀ náà tí wọ́n kọ GVM sí. Ìwúwo tí ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá nìyẹn, tòun ti èèyàn, epo, omi àti ẹrù inú rẹ̀. Ti Coaster kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn, torí náà tiyín ni kẹ́ ẹ kà, ẹ má wo ti ọ̀rẹ́ yín. Iye yẹn náà wà lára ohun tó ń sọ irú láísẹ́ǹsì tẹ́ ẹ nílò. Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Ọsirélíà ò kọjá tọ́ọ̀nù 4.5, bó bá lé sí i, ẹni tó bá máa wà á gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì LR (Light Rigid), èyí tó ga ju ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Ẹ wádìí èyí báyìí, torí oṣù kan ò jìnnà.

Ẹ rọ epo kún táńkì ọkọ̀, kí gbogbo yín wọlé pẹ̀lú ẹrù yín, ṣùgbọ́n kí táńkì omi ṣófo. Ẹ wá yọ iye tí ìwọ̀n bá sọ kúrò nínú GVM. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni àyè tẹ́ ẹ ní fún omi àti bátìrì, kò sí àyè mìíràn níbì kankan. Ẹ ní kí wọ́n wọn ẹsẹ̀ iwájú lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ lè dáa kí ẹ̀yìn sì ti wúwo jù, nítorí ẹ̀yìn la sábà máa ń kó bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù àti táńkì sí. Láti Norseman, ìlú tí ọ̀nà Nullarbor ti bẹ̀rẹ̀, dé Balladonia, nǹkan bíi 190 kìlómítà ni kẹ́ ẹ tó rí ilé epo. Mi ò fẹ́ kí táyà ẹ̀yìn bẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín ibẹ̀ tòun tàwọn ọmọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ omi. Lítà kan, kílò kan ni. Táńkì 300 lítà tó kún, kílò 300 lẹ gbé yẹn, táńkì fúnra rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Fún ìdílé tó ń sùn lójú ọ̀nà, lítà 10 fún ẹnì kan lójúmọ́ ni mo máa ń ṣírò: mímu, ìdáná, fífọ abọ́, àti kí èèyàn fi kànìnkànìn nu ara. Kì í ṣe ìwẹ̀ gidi o. Ẹ̀yin mẹ́rin, 40 lítà lójúmọ́. Láti Norseman dé Ceduna, ìlú tó wà ní òdìkejì Nullarbor, tó nǹkan bíi 1,200 kìlómítà. Bẹ́ ẹ bá rọra ń rìn nítorí àwọn ọmọ, ọjọ́ márùn-ún tó. 200 lítà nìyẹn. Ẹ bu omi kún ní Norseman, kẹ́ ẹ má sì gbọ́kàn lé àwọn ilé epo àárín ọ̀nà. Ilẹ̀ gbígbẹ ni ibẹ̀, omi ṣọ̀wọ́n fún àwọn náà.

Èmi ì bá ṣe táńkì 80 lítà méjì, kí n sì gbé kẹ́ẹ̀gì 20 lítà méjì sí i. Bí táńkì kan bá jò, tàbí tí pọ́ǹpù bá kọṣẹ́, ẹ ṣì ní omi tẹ́ ẹ lè fọwọ́ dà. Àárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ gbé àwọn táńkì náà sí, nísàlẹ̀, kì í ṣe ìdí bọ́ọ̀sì.

Ní ti bátìrì, ohun tó ń jẹná lẹ máa kọ́kọ́ kà. Fíríìjì 12 volt lè jẹ 40 sí 50 Ah (ampere-hour, ohun tí a fi ń ka iye iná tí bátìrì gbé) lójúmọ́ nígbà ooru. Gílóòbù LED, pọ́ǹpù, fáànù kékeré àti fóònù, ẹ jẹ́ ká fún wọn ní 20. 70 nìyẹn. Bátìrì AGM 100 Ah, ìyẹn irú olójé, ìdajì rẹ̀ ló yẹ kéèyàn lò kó lè pẹ́. Mẹ́ta yóò fún yín ní 150 Ah, ìwúwo wọn á sì tó nǹkan bíi 90 kílò. Bátìrì lithium irú LiFePO4 méjì, 100 Ah lọ́kọ̀ọ̀kan, ò ju nǹkan bíi 25 kílò lọ, ẹ ó sì rí 160 lò nínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyẹn á gbé yín ju ọjọ́ méjì lọ bí oòrùn ò tiẹ̀ yọ rárá. Ẹ fi sólà 400 watt sórí òrùlé, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n so DC-DC charger mọ́ ọn kí ẹ́ńjìnnì máa chájì wọn bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Ẹ fi kẹ́tùlù oníná sílé: 2,000 watt á fa ju 160 ampere lọ lára bátìrì 12 volt. Gáàsì ni kẹ́ ẹ fi se omi tíì.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù ni waya. Bọ́ọ̀sì ń gbọ̀n látàárọ̀ dalẹ́, waya á máa ha irin títí ara rẹ̀ á fi bó. Bí kò bá sí fíúsì létí bátìrì gan-an, ọkọ̀ lè gbiná. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fíúsì sí ìdí fíríìjì lọ́hùn-ún kó ní ó ti tó. Lithium náà ò gbọdọ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Ìlànà AS/NZS 3001.2 ti ọdún 2022 béèrè pé kí wọ́n yà á kúrò lára ibi téèyàn ń gbé, kí èéfín rẹ̀ máa gba ìta. Iná 240 volt, oníná tó ní láísẹ́ǹsì ni. Gáàsì náà, ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ni, kó sì fún yín níwèé. Gáàsì ìdáná wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló máa ń lọ bá, torí náà ihò tó máa gbà jáde gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń dáná, ẹ ṣí fèrèsé.

Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, kí ọmọ kankan má dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àga tó ní bẹ́líìtì ni kálukú máa jókòó sí. Kangaróò máa ń jáde sójú ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ àti ní ìdájí, ẹ ti wábi dúró sí kí oòrùn tó wọ̀. Láàárín Balladonia sí Caiguna, ọ̀nà náà ò yà rárá fún 146.6 kìlómítà, oorun á sì máa kun awakọ̀. Ẹ̀yin àti ọkọ yín, ẹ máa gbà á fún ara yín. Ẹ fẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ fáwọn ọkọ̀ akẹ́rù gígùn tó ń fa tìrélà.

Mo mọ̀ pé ata àti tòmátì á wà nínú ẹrù yín. Wọ́n máa yẹ ọkọ̀ wò ní Ceduna nítorí kòkòrò tó ń ba èso jẹ́, wọ́n á sì gba èso àti ẹ̀fọ́ tútù. Ẹ sè wọ́n di ọbẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ti wọn ọkọ̀ náà tán, ẹ fi iye tí ẹsẹ̀ iwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti GVM jẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ìgbà yẹn la ó tó mọ̀ bóyá 200 lítà náà wọlé.