Ta ni ó tẹ Saltaire dó, báwo ni ó sì ṣe gba orúkọ rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo gbọ́ pé ìlú ilé-iṣẹ́ kékeré kan ń jẹ́ Saltaire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni ó tẹ̀ ẹ́ dó, kí sì ni ìtàn orúkọ rẹ̀?

Ìdáhùn: Titus Salt ni, ọlọ́rọ̀ tí ó ń fi irun àgùntàn àti ti alpaca (ẹran ọ̀sìn onírun kan) hun aṣọ ní Bradford, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èéfín ilé-iṣẹ́ ti bo Bradford nígbà náà, omi rẹ̀ ti dọ̀tí, àrùn kọ́lẹ́rà sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ní 1849, èyí tí ó wà lára ohun tí ó mú kí Salt kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí etí odò Aire, níbi tí ojú irin àti odò tí a fọwọ́ gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi ti wà nítòsí. Ó ṣí ilé-iṣẹ́ náà ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án 1853, ọjọ́ tí ó pé ẹni 50 ọdún, lẹ́yìn náà ni ilé àwọn òṣìṣẹ́ ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀.

Orúkọ Salt fúnra rẹ̀ àti ti odò Aire ni ó so pọ̀ di Saltaire. Lójú tèmi, orúkọ àwọn òpópónà ni ó wúni lórí jù: ọ̀kan ń jẹ́ Caroline, orúkọ aya rẹ̀, ọ̀pọ̀ mìíràn sì ń jẹ́ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀.