Etí ni wọ́n fi ń jó: èsì mi fún àbúrò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú lóde àríyá

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní ẹgbẹ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń kọ́ ọ ní ijó bàtá, wọ́n ti ń mú ọ lọ sórí ìtàgé, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó o bá dé òde ìnáwó, tí onílù kọjú sí ọ, ẹsẹ̀ rẹ á kú. O wá ń bèèrè bóyá kó o di ti ìtàgé mú, kó o fi ijó òde sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. O tún ní ìyá rẹ ń sọ pé ìlù Ṣàngó ni bàtá, kò yẹ ọmọ ìjọ. Àwọn tó dáhùn ṣáájú mi ní kó o máa wo fídíò sí i. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ ijó, kí ọkọ tó gbé mi wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti jó fún àwọn tó sanwó wọlé, mo ti jó níbi òkú àgbà, níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìwúyè, lójú títì tí wọ́n fi kánọ́pì dí. Orúnkún mi ń jẹ́rìí sí i. Ohun tí gbogbo rẹ̀ fi hàn mí ni pé etí ni wọ́n fi ń jó, ẹsẹ̀ kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Lórí ìtàgé, ẹ ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹ ti dánra wò: ìgbà tí ẹ ó yí, ìgbà tí ẹ ó kúnlẹ̀, ẹni tí yóò ṣáájú. Onílù náà ti mọ̀. O lè má gbọ́ ìlù yẹn rárá kó o sì jó o parí láìṣì, kò sẹ́ni tó máa fura. Òde àríyá kò rí bẹ́ẹ̀. Oníyàálù ti rí aṣọ tó o wọ̀, ó ti rí ẹni tó o jókòó tì, ó ti bi ẹnì kan léèrè ọmọ ta ni ọ́, kó o tó dìde. Bó o ti ń bọ̀ sójú agbo ló bẹ̀rẹ̀ sí í kì ọ́. Ó ń bá ọ sọ̀rọ̀, ó ń retí èsì, ìwọ sì ń wá ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Báwo ni ẹsẹ̀ ò ṣe ní kú?

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nílé ọkọ nìyẹn. Èmi tí mo ti Ọ̀yọ́ wá, tí mo mọ bàtá, mo dìde níbi ìnáwó kan, oníyàálù ò tilẹ̀ wo ẹsẹ̀ mi. Àjíkẹ́, oríkì mi, ló ń pè. Ó pe Àjíkẹ́, ó pè é, ó mú oríkì ilé bàbá mi tẹ̀ lé e, ilé tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀ àfi èmi. Orí mi wú. Ijó tó jáde lára mi lọ́jọ́ náà, kò sí olùkọ́ tó kọ́ mi. Ṣé ìwọ mọ oríkì tìrẹ? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ilé ni kó o kọ́kọ́ lọ, kó o bi ìyá rẹ. Bóyá ìjà ẹ̀yin méjèèjì lórí bàtá á sì fúyẹ́ díẹ̀ bó o bá bá a jókòó fún ìyẹn.

Bí o ṣe máa jí etí rẹ nìyí. Bó bá jẹ́ dùndún ni wọ́n ń lù, tí í ṣe èyí tó pọ̀ jù lóde wa, gúdúgúdú ni kó o wá: ìlù kékeré olójú kan tí wọ́n fi kọ́ ọrùn, tí wọ́n ń fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lù. Gúdúgúdú kì í ki èèyàn, kì í bú èèyàn, ó kàn ń lọ láìdúró ni. Òun ni kó o gbé ẹsẹ̀ lé. Ìyáàlù tó ní ṣaworo lára ni kó o wá fi etí sí, nítorí òun ló ń sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ sí gúdúgúdú, etí sí ìyáàlù. Lọ síbi ìnáwó kan tí kò kàn ọ́, jókòó sẹ́yìn àwọn onílù, má jó. Fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan tẹ̀ lé gúdúgúdú títí tí o kò fi ní ronú nípa rẹ̀ mọ́. Ó máa sú ọ. Jẹ́ kó sú ọ.

Bàtá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awọ dùndún ṣeé fà, ohùn rẹ̀ lè gòkè, ó lè sọ̀kalẹ̀, ó lè yọ́ bọ́ láàárín. Bàtá kò ní ọṣán tí wọ́n lè fún báyẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé akólòlò ni. Ojú méjì ni ìyáàlù bàtá ní: ojú òjò tó tóbi, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lù, àti ṣáṣá tó kéré, tí wọ́n ń fi bílálà nà. Òun àti omele abo, ìlù bàtá tó kéré sí i, ló jọ ń pín ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Bó bá jẹ́ ìyáàlù nìkan lo gbọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ lo gbọ́. Nítorí náà, bẹ oníyàálù ẹgbẹ́ yín pé kó máa fi ẹnu pe ohun tó ń fi ìlù sọ, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Ọ̀pọ̀ olórí ẹgbẹ́ kì í ṣe èyí. Wọ́n á ní “ọ̀tún, òsì, yípo,” wọ́n á sì gbà pé àwọn ti kọ́ èèyàn níjó. Àwọn àgbà ní alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó ló kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí alágẹmọ sọ ohun tí ìlù ń wí fún ọmọ.

Lọ́jọ́ tó o bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, wàá rí i pé ibi tí ìyáàlù ti gé ọ̀rọ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń balẹ̀, ibẹ̀ náà ni èjìká ti ń já. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ á wá nítumọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò mọ ayọ̀ míì tó jọ ọ́ nínú iṣẹ́ yìí, ti àtẹ́wọ́ kò tó o.

Má sì gbé gbogbo bàtá lọ sóde àríyá o. Àròjù bàtá, yíya ní í ya. Kò sẹ́ni tó pè ọ́ wá pa òkìtì lórí tábìlì oúnjẹ wọn. Lóde, olóde lo ń bá jó: yí sí i, rẹ ara sílẹ̀, jẹ́ kó hàn pé nítorí rẹ̀ lo ṣe dìde. Wo àwọn ìyá àgbà. Wọ́n lè má gbé ẹsẹ̀ ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ, síbẹ̀ gbogbo onílù á pagbo yí wọn ká. Gbogbo Ọ̀yọ́ ló mọ Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1970 títí ó fi wàjà ní 2022, sí ẹni tó mọ ijó. Ọba ni, kò ní ohun tó fẹ́ fi han ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí ìlù bá pè é, á dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ijó orí ìtàgé kì í ṣe tiwa, pé ti òyìnbó ni, ẹ má dá wa lágara. Àwọn tó kọ ìtàn eré Yorùbá gbà pé láàfin Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni eégún aláré, egúngún tó ń ṣeré fún èèyàn wò, ti jáde, láti ìdílé Ológbojò, kí wọ́n tó di alárìnjó tó ń lọ láti ìlú dé ìlú. Wọ́n á júbà, wọ́n á jó, wọ́n á sun èṣà, wọ́n á pidán, wọ́n á fi èèyàn ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tó ń wò wọ́n kì í jókòó gbagidi. Ó ń gbè é, ó ń náwó, ó ń dá wọn lóhùn. Bí ẹgbẹ́ yín bá ń jó síwájú èèyàn bíi pé ògiri ni wọ́n, ẹgbẹ́ yín ló kù díẹ̀ káàtó.

Ti ìyá rẹ ńkọ́? Kò purọ́. Ṣàngó ló ni bàtá, egúngún náà sì ń jó o. Ní Ọ̀yọ́, ọdún Ṣàngó tó ń wáyé lóṣù kẹjọ, tí UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní 2023, kò ṣeé rò láìsí bàtá. Ṣùgbọ́n lọ wo àwọn ọmọ Àyàn tó ń lù ú: Mùsùlùmí ló pọ̀ nínú wọn, wọ́n á lù tán, wọ́n á lọ kírun. Ìlù òrìṣà wà, ìlù eré wà, onílù gidi sì mọ ààlà àárín wọn. Sọ fún olórí ẹgbẹ́ yín, ní ojúkojú, èyí tí o kò ní jó. Mo bá ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi jó rí tó máa ń rọra bọ́ sẹ́yìn bí ìlù bá ti dé apá kan. Kò sẹ́ni tó bi í. Èyí tí mi ò fẹ́ ni kó o máa parọ́ fún ìyá rẹ pé ìpàdé lo lọ.

Jẹ́ kí n sọ ti owó kíákíá. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti ọdún 2007, abala 21, ka fífọ́n náírà síni lórí àti jíjó lórí rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Nítorí náà, má fi ẹsẹ̀ tẹ owó tó bọ́ sílẹ̀, kó o sì fi tìrẹ lé onílù lọ́wọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Ti ẹgbẹ́, ẹ dá iye lé e kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀. Ẹgbẹ́ kan tí mo bá ṣeré rí kó wa jó láti àárọ̀ di alẹ́, ìrẹsì ni wọ́n fi san án.

Ohun kan tún wà tí mi ò rí lórí ìtàgé rí. Ìyàwó ilé wa kan wà tí èmi àti ẹ̀ ò kí ara wa ju “ẹ kú ilé” lọ, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Níbi òkú bàbá ọkọ wa, onílù mú oríkì ilé náà, gbogbo ìyàwó ilé ló sì gbọ́dọ̀ jáde. Aṣọ kan náà la wọ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, mo kọ ẹ̀yìn sí i, onílù bọ́ sáàárín, ó ní ká bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní ká dìde, a dìde, òun ló sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. A kò yanjú ọ̀rọ̀ náà títí dòní o. Ṣùgbọ́n bí ìlù bá dún nílé yẹn, èmi ló ń fi ojú wá.

Nípa ìrìn àjò ọdún Ṣàngó ní Ọ̀yọ́ tí ẹgbẹ́ yín ní kó o bá wọn lọ ní oṣù kẹjọ: lọ. Má lérò pé wàá jó púpọ̀. Dúró ti àwọn onílù, fetí sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ jó lórí kọnkéré, bèèrè bóyá ilẹ̀ẹ́lẹ̀ wà nítòsí, nítorí bàtá ń fẹ́ kí ẹsẹ̀ balẹ̀ gìdìgìdì, orúnkún ló sì ń san gbèsè rẹ̀. Rọ́ ìdí ìró rẹ mọ́lẹ̀ dáadáa, fi ṣòkòtò péńpé sábẹ́ rẹ̀. Kó o mú omi tìrẹ dání.