Èsì: Kò sí olùkọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ èdè ní ẹ̀ka wa, ta ni kí n bá ṣe ìwádìí?
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má dúró de olùkọ́ kankan, Masakhane ni kí ẹ lọ bá. Láti 2019 ni wọ́n ti ń kó àwọn tó ń ṣe ìwádìí kọ̀ǹpútà lórí èdè Áfíríkà jọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń pàdé, wọn kì í sì í béèrè ìwé-ẹ̀rí.

Tó bá jẹ́ pé èdè ló wù yín lóòótọ́ nìyẹn o. Tó bá jẹ́ àwòrán tàbí róbọ́ọ̀tì, ẹ máa ṣọ́ Deep Learning Indaba, ìpàdé ọdọọdún àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́gbọ́n ní Áfíríkà.

Tí ẹ bá dé Masakhane:

1. Ẹ kọ́kọ́ máa gbọ́ ná.

2. Ẹ gba iṣẹ́ tí kò wu ẹnikẹ́ni. Èmi ò kọ kóòdù rárá lóṣù àkọ́kọ́, orúkọ èèyàn àti ìlú ni mò ń wá nínú gbólóhùn, láti fi kọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ wo "Owo" tí ẹnìkan kọ láìfi àmì kankan sí, lókè tàbí nísàlẹ̀: ṣé owó ni, àbí ọwọ́, àbí ìlú Ọ̀wọ̀? Kọ̀ǹpútà olówó ńlá ò lè bá yín yanjú ìyẹn, etí yín ló máa yanjú ẹ̀.

3. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá orúkọ yín máa wà lórí ìwé ìwádìí náà. Kì í ṣe ojúkòkòrò. Nígbà tí MasakhaNER, àkójọ gbólóhùn tí wọ́n ti sàmì sí àwọn orúkọ inú wọn, jáde ní 2021, pẹ̀lú èdè 10 tí Yorùbá wà lára wọn, àwọn tó ṣiṣẹ́ báyìí wà lára àwọn òǹkọ̀wé.