Pool dísìkì wa kún, bẹ́ẹ̀ mo ti pa fáìlì rẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń bójú tó server ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Lágerè, Ilé-Ifẹ̀. Proxmox (ètò tó ń jẹ́ kí server kan gbé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àfarawé) la ń lò, VM mẹ́rin, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà àfarawé náà, ló wà lórí rẹ̀, dísìkì méjì tí ZFS (ètò tó ń bójú tó ibi ìpamọ́) so pọ̀ bí ìbejì ló sì gbé gbogbo wọn ró. Pool náà, ìyẹn àpapọ̀ àyè dísìkì wọ̀nyí, ti kún dé ìdá 91 nínú 100, iṣẹ́ sì ń falẹ̀. Mo pa nǹkan bí 200 GB rẹ́ nínú VM kan, ṣùgbọ́n àyè kò padà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àmójútó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dá VM tuntun sílẹ̀ ná. ZFS kì í kọ nǹkan lé èyí tó wà tẹ́lẹ̀ lórí; ibi tó ṣófo ló máa ń wá kọ ọ́ sí, kó tó jọ̀wọ́ ti àtijọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń gbà yín níyànjú pé kí pool má kọjá ìdá 80, nítorí bó bá kún tán, àwọn VM lè dúró lójijì lẹ́nu iṣẹ́.

Snapshot, ìyẹn àwòrán bí dísìkì ṣe rí ní àkókò kan, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ẹ bá ti ya snapshot kí ẹ tó pa fáìlì rẹ́, fáìlì náà kúrò lójú VM lóòótọ́, ṣùgbọ́n snapshot ṣì dì í mú. Ẹ tẹ `zfs list -o space`, kí ẹ wo òpó USEDSNAP, àyè tí àwọn snapshot gbà. Ẹ má ṣe gbára lé iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ snapshot kọ̀ọ̀kan, torí ohun tí méjì tàbí mẹ́ta bá jọ dì mú kì í hàn lórúkọ èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ gbé ẹ̀dà àwọn VM sórí dísìkì mìíràn, kí ẹ tó yọ àwọn tó ti pẹ́ láti ojú ìwé Proxmox fúnra rẹ̀.

Ohun kejì ni pé pool kì í mọ̀ pé VM ti pa nǹkan rẹ́, àfi bí VM bá sọ fún un. Ẹ fi àmì sí Discard (èyí tó ń jẹ́ kí VM lè sọ ọ́) lórí dísìkì VM náà, ẹ pa VM pátápátá kí ẹ tó tún un tàn, kí ẹ sì tẹ `fstrim -av` nínú rẹ̀ bó bá jẹ́ Linux, kó lè sọ ibi tó ti ṣófo.

Scrub ló kù, òun ló sì ká mi lára jù. Ó máa ń ka gbogbo ohun tó wà lórí pool, á sì fi ẹ̀dà tó dára tún èyí tó bàjẹ́ ṣe. Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù, ní kété tí aago 12 òru bá kọjá, ni Proxmox máa ń ṣe é fúnra rẹ̀. Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì kan ní Iléṣà tí wọ́n ti ń pa jẹnẹrétọ̀ àti server ní ìrọ̀lẹ́, tí scrub kò fi ráyè ṣiṣẹ́ rí. Mo tẹ `zpool status -v`: dísìkì kan ti di FAULTED (ZFS ti yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí àṣìṣe), 37 wà lábẹ́ CKSUM (iye ìgbà tí ohun tó kà kò bá èyí tó kọ mu) lórí èkejì, orúkọ vm-101-disk-0 sì wà nísàlẹ̀ pé ó ti bàjẹ́. Kò sí ẹ̀dà tó dára mọ́ láti fi tún un ṣe, àkọsílẹ̀ owó wọn ló sì wà níbẹ̀.

Bí ẹ̀yin náà bá ń pa server lálẹ́, ẹ yan ọ̀sán Sátidé kan lóṣooṣù, kí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ `zpool scrub rpool`, tó bá jẹ́ pé rpool lorúkọ tiyín. Bí iná bá lọ láàárín, yóò máa bá a lọ nígbà tí server bá tún dìde. Bí ẹ bá rí iye tó ju 0 lọ nínú `zpool status` lábẹ́ READ, WRITE (àṣìṣe nígbà kíkà àti kíkọ) tàbí CKSUM, ẹ yẹ wáyà dísìkì náà wò, kí ẹ sì ti ní dísìkì mìíràn nílẹ̀ nígbà tí èkejì rẹ̀ ṣì le.